Ọ̀rọ̀ Tí Mo Ṣì Gbọ́ Nínú Eré Náwálì

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń parí ilé-ìwé, tí ẹ máa ń yà sí iwájú ilé mi ní àdúgbò Zongo láti béèrè bóyá ènìyàn lè fi ohùn ṣiṣẹ́ jẹun, mo ti gbọ́ ìbéèrè yín. Ó ti sú mi láti máa dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyí tí mo fi jókòó kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ má fò ó kà. Mo mọ̀ yín, ojú ìwé àkọ́kọ́ àti ti ìkẹyìn lẹ máa ń kà, ẹ ó sì máa sọ fún ènìyàn pé ẹ ti ka ìwé.

Orúkọ mi ni Ràmátù, ṣùgbọ́n Ìyá Fíìmù ni gbogbo ìlú Parakú ń pè mí. Iṣẹ́ mi ni kí n máa sọ fíìmù Lárúbáwá di Yorùbá. Bí ẹni inú tẹlifíṣàn bá ti ń sọ tirẹ̀, èmi náà á máa sọ ọ́ tẹ̀lé e, kí àwọn tí kò gbọ́ Lárúbáwá lè mọ ẹni tó ń tan ẹni jẹ àti ìdí tí ìyàwó fi ń di ẹrù rẹ̀. Ohùn mi kan ṣoṣo yìí ni bàbá arúgbó, òun náà ni ọmọge, òun náà ni ọlọ́pàá. Mo ṣe é fún ọdún tó lé ní ogójì. Bí mo ṣe dé ẹnu iṣẹ́ náà kò gùn rárá: ìyá mi mú mi lọ, wọ́n sì gbà mí. Ní ti owó, n kò lówó, ebi ò sì pa mí. Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Ọ̀gá mi ni Àlàájà Sífáwù, obìnrin gíga kan tí kì í pariwo. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti gbé ní Sùdáànì fún ọdún mọ́kànlá. Nígbà tí ọkọ kú níbẹ̀, ó padà sí Parakú pẹ̀lú ẹ̀rọ fidio kan àti àpótí kásẹ́ẹ̀tì méjì. Ó tẹ́ ẹní sí àgbàlá rẹ̀, ó gbé tẹlifíṣàn sórí tábìlì, ó ní kí àwọn obìnrin Zongo máa bọ̀ lẹ́yìn ìrun Àìlà. Kí wọ́n tó pe ìrun Àlàásàrì, fíìmù á ti parí, kálukú á sì padà sídìí oúnjẹ tó fẹ́ sè. Ọkùnrin kankan kì í wọ ibẹ̀. Àwọn tó ń ta aṣọ ń wá, àwọn tó ń ta obì ń wá, àwọn ìyàwó oníṣòwò tí ọkọ wọn kì í jẹ́ kí wọ́n jáde náà ń wá, wọ́n á ní àwọn ń lọ kí Àlàájà.

Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Bàbá mi, tó wá láti Ìlọrin, tó ń ta fìlà àti tẹ̀sùbáà lọ́jà, ti fi mí sí ilé kéú láti kékeré. Mo ti kà dé ibi tí ọ̀pọ̀ ọmọkùnrin ò kà dé, orí mi sì ti wú. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Àlàájà ti kásẹ́ẹ̀tì fíìmù Íjíbítì kan bọ inú ẹ̀rọ, ó ní, "Ó yá, kí ló sọ?"

Mo tẹ́tí sílẹ̀. Nínú ogún ọ̀rọ̀, bóyá ni mo mú mẹ́ta. Lárúbáwá tèmi jẹ́ ti inú tírà, ó máa ń rìn jẹ́jẹ́. Èyí tó ń jáde lẹ́nu obìnrin inú fíìmù ń sáré, ó sì ń gé ìparí ọ̀rọ̀ jẹ. Mo ń wo ilẹ̀.

Àlàájà rẹ́rìn-ín. "Kéú lo kà, Ràmátù. O ò tíì gbọ́ Lárúbáwá."

Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Àlàájà ní kí n kẹ̀yìn sí tẹlifíṣàn, kí n kọjú sí ògiri. Odindi ọdún kan ni mo fi jókòó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin èwe òní tí ẹ kò lè jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Àwọn obìnrin á máa wo àwòrán, èmi á máa gbọ́ ohùn. Bí fíìmù bá parí, Àlàájà á bi mí pé ènìyàn mélòó ló sọ̀rọ̀, ta ni àgbà nínú wọn, ta ló ń purọ́. Mo kọ́kọ́ rò pé ó fẹ́ fi ìyà jẹ mí ni. Ó tó oṣù mélòó kan kí n tó mọ̀ pé ẹni tó ń purọ́ máa ń mí yàtọ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Láti ìgbà náà, ọkọ mi pàápàá kò rí irọ́ pa fún mi mọ́, kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ.

Ọdún kejì, ó jẹ́ kí n yíjú padà. Ó fún mi ní ipa obìnrin, òun ń sọ ti ọkùnrin. Ohun tó korò jùlọ fún un ni kí ènìyàn méfò. Bí n kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, kí n sọ ọ́ síta pé, "Ìyẹn ò yé mi." Ìtìjú kò jẹ́ kí n máa sọ bẹ́ẹ̀. Mo máa ń fi nǹkan dí i. Lọ́jọ́ kan tó ní kí n sọ ti ọkùnrin wò, ọkùnrin kan nínú fíìmù sọ ọ̀rọ̀ kan fún ìyá ìyàwó rẹ̀, n kò gbọ́ ọ, mo bá ní, "Ẹ ṣé, màmá." Àlàájà dìde, ó dá ẹ̀rọ dúró. Obìnrin bí ọgbọ̀n wà lórí ẹní.

"Ràmátù, ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọkùnrin yẹn ni, Àlàájà."

"Ṣé òun ló sọ ọ́, àbí ìwọ lo sọ ọ́?"

"Èmi ni."

"Dìde, sọ fún àwọn ìyá rẹ pé o purọ́ mọ́ ọmọ ọlọ́mọ."

Mo dìde. Mo sọ ọ́. Ọ̀rọ̀ gan-an tí ọkùnrin náà sọ ni pé kí ìyá náà jáde nílé òun. Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí, wọ́n sì ń pè mí ní "Ẹ ṣé màmá" fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí mo bá jókòó báyìí tí mo ronú sẹ́yìn, àwọn ọdún náà ló ń wù mí jù. Àwọn obìnrin yẹn kì í wo fíìmù lásán, wọ́n ń bá a sọ̀rọ̀ ni. "Ràmátù, sọ fún un kó má fẹ́ ẹ!" Bí ẹni pé mo lè nawọ́ wọ inú tẹlifíṣàn. Ìyá kan tó ń ta ata máa ń fi ọwọ́ bo ojú bí wọ́n bá fẹ́ gbá ọmọ létí, á ní kí n pe òun bó bá ti tán. Kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ ò mọ̀ yìí, ó ní okùn dúdú nínú. Bí ẹ̀rọ bá jẹ okùn náà, a ó fi bíìkì ìkọ̀wé yí i padà, a ó gé ibi tó bàjẹ́, a ó fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Ohun tó wà níbi tí a gé ti lọ nìyẹn. Ìgbéyàwó kan wà tí kò sí ẹni tó rí i rí ní Zongo. Ọmọge á wà nílé bàbá rẹ̀, ojú ẹ̀rọ á ṣẹ́, á sì ti lóyún. Bí wọ́n bá béèrè, Àlàájà á ní, "Ẹ̀rọ ti jẹ ìgbéyàwó yẹn. Ó ṣẹlẹ̀, ẹ gbà á bẹ́ẹ̀." Bí iná kúràǹ bá lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ ìparí fíìmù, àfi kí a dúró tàbí kí a padà wá lọ́jọ́ kejì. Wọ́n á dúró. Wọ́n á máa fi ìborùn fẹ́ atẹ́gùn sí ara, wọ́n á máa jiyàn lórí ìyàwó kejì inú fíìmù.

Àlàájà kú lẹ́nu iṣẹ́, kí Ọlọ́run fọ̀run kẹ́ ẹ. Èmi ni mo jókòó sí ibi tó ń jókòó. Kásẹ́ẹ̀tì lọ, àwo fíìmù pẹlẹbẹ tó ń dán dé. Pẹlẹbẹ kò lókùn, kò sì lè jẹ ìgbéyàwó, inú mi dùn sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí mo fi inú dídùn gbà ló kó àwọn obìnrin mi lọ, nítorí kálukú ti lè wo tirẹ̀ nílé. Lọ́jọ́ tó ku obìnrin mẹ́ta lórí ẹní, mo ká ẹní náà.

Gàníyù ló wá bá mi lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní ilé kékeré kan ní àdúgbò Ladjifarani tó ti ń gba ohùn sílẹ̀, ó fi fóòmù bo ògiri rẹ̀ káàkiri. Èmi nìkan ni màá wọ inú yàrá náà, màá fi kásìkì bo etí, màá sọ̀rọ̀ sí míkírò, òun á wà lẹ́yìn gíláàsì nídìí ọ̀dínátẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà rẹ̀. Iṣẹ́ náà yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Bí mo bá ṣì sọ, a ó padà, a ó tún un sọ, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo ń sọ yìí dáadáa: kò sí ẹni tó máa mọ̀. Nínú yàrá yẹn, kò sí ìyá aláta, kò sí Àlàájà, kò sí ẹni tó lè dá mi dúró. Gàníyù ò gbọ́ Lárúbáwá rárá. Díẹ̀díẹ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í sáré.

Báyìí ni Eré Náwálì ṣe bá mi. Apá méjìlá ni. Ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin kan ní ìlú àwọn Lárúbáwá ló dá lé lórí, ilé-ìwé olówó tó ní ògiri funfun. Náwálì ni ọmọ awakọ̀ ilé-ìwé náà. Sírínì, ọmọ olówó, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì kò jẹ́ kí Náwálì sinmi. Wọ́n tì í mọ́ yàrá ìwé, wọ́n gé irun rẹ̀ ní ìdajì. Náwálì sọ fún olùkọ́. Láti ọjọ́ tó ti sọ ni Sírínì ti fún un lórúkọ, tó ń pè é ní "Fàtáánà!" ní gbogbo ibi tó bá ti rí i. Ní apá kẹfà, ó pè é bẹ́ẹ̀ lójú gbogbo kíláàsì. Náwálì dìde, ó gbé orí sókè, ó dá a lóhùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀san bẹ̀rẹ̀. Náwálì jí ìwé kékeré tí Sírínì ń kọ àṣírí ọkàn rẹ̀ sí, ó sì kà á jáde nínú ẹ̀rọ agbóhùnsókè ilé-ìwé. Ní apá kejìlá, àga Sírínì ṣófo, kò sì padà wá mọ́.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi sọ gbogbo rẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ "fàtáánà", n kò tilẹ̀ ronú. Ta ni nínú wa tí kò mọ fìtínà? Bí ọmọ bá ń yọ ìyá lẹ́nu, ìyá á ní, "Má fìtínà mi." Ẹni tó ń fòòró ọmọ ẹlòmíràn, tó ń dá ìjà sílẹ̀, onífìtínà ni. Inú Lárúbáwá la ti mú ọ̀rọ̀ náà wálé. Mo bá sọ ọ́ di "Onífìtínà!" Ní apá kẹfà, níbi tí Náwálì ti dìde, mo sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, onífìtínà ni mí." Ó ya èmi náà lẹ́nu díẹ̀ pé ó gbà bẹ́ẹ̀. Mo tẹ̀síwájú.

Eré náà ràn. Láti Zongo dé Albarika, fóònù dé fóònù ni. Àwọn ọmọ ilé-ìwé á rí mi lórí ọ̀kadà zẹ́mì, wọ́n á kígbe, "Ìyá Fíìmù, onífìtínà ni mí!" Màá sì rẹ́rìn-ín, màá juwọ́ sí wọn. Mo rò pé òkìkí nìyẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, aránṣọ kan láti Albarika wọlé tọ̀ mí wá. Ìyá Fàsílá ni wọ́n ń pè é. N kò mọ̀ ọ́n rí. Kò jókòó.

"Ẹ kú ọ̀sán, Ìyá Fíìmù. Ohùn yín ni mo wá bá jà."

Mo rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó yọ fóònù, ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn mi jáde níbẹ̀: "Bẹ́ẹ̀ ni, onífìtínà ni mí."

"Ọmọ mi pé ọdún mẹ́tàlá," ó ní. "Àwọn ọmọ mẹ́ta ní kọlẹ́ẹ̀jì wọn ń da omi sí báàgì rẹ̀, wọ́n fi sísọ́ọ̀sì gé híjáàbù rẹ̀. Mo ní kó sọ fún súfẹ́yáǹ tó ń rí sí ìwà wọn. Ó sọ fún un, ó dáa, wọ́n bá wọn wí. Ọ̀sẹ̀ kejì ni fíìmù yín dé. Báyìí, bí Fàsílá bá ti fẹ́ wọ kíláàsì, wọ́n á tẹ ohùn yín sí i nínú fóònù. Wọ́n ní ẹni tó bá lọ fẹjọ́ sùn ni onífìtínà, pé Náwálì fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ nínú fíìmù. Súfẹ́yáǹ náà ti wò ó. Ó ní kí Fàsílá rọra pẹ̀lú fìtínà."

"Àwọn ọmọ náà ni kò lẹ́kọ̀ọ́," mo ní. "Kí ló kan fíìmù mi níbẹ̀?"

"Ó ti pé ọjọ́ mẹ́sàn-án tí kò lọ ilé-ìwé. Ó ní òun ò ní padà lọ mọ́ láyé, pé kí n kọ́ òun níṣẹ́ aṣọ rírán. Òun ló ń gba ipò kìíní nínú ìṣirò, Ìyá Fíìmù. Èmi ò mọ̀wé. Òun nìkan ni mo ní tó mọ̀wé."

Kí ẹ mọ̀ pé ènìyàn ni mí, inú bí mi. Mo sọ fún un pé mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí kí wọ́n tó bí i, pé fìtínà ni fìtínà ń jẹ́, kó lọ bá àwọn olùkọ́ jà. Ó wò mí, ó kí mi pé ó dàbọ̀, ó jáde. Ìkíni tó fi jáde yẹn dùn mí ju kó bú mi lọ.

Ìkíni náà kò kúrò létí mi. Mo gbé apá kẹfà síta, mo kẹ̀yìn sí i, mo kọjú sí ògiri, mo sì gbọ́ ọ. Lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́ẹ̀kejì. Ohùn Náwálì kì í ṣe ohùn ẹni tó ń jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Ohùn ẹni tí ẹ̀rù ti kúrò lára rẹ̀ ni.

Mo gba zẹ́mì lọ sí ọjà, sí ọ̀dọ̀ Madam Hánà. Ará Lẹ́bánónì ni òun àti ọkọ rẹ̀, wọ́n ń ta àwo àti ìkòkò, ó sì ti pẹ́ láàárín wa débi pé ó gbọ́ Yorùbá. Mo béèrè ohun tí fàtáánà ń jẹ́.

"Fàtáánà?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó sọ ohùn rẹ̀ di ti ọmọdé, ó na ìka sí afẹ́fẹ́. "'Màámà, wò ó, Àhmádù fọ́ gíláàsì!' Ọmọ tó máa ń sáré lọ sọ fún màmá rẹ̀, ìyẹn ni fàtáánà. Lọ́dọ̀ wa, ọmọdé ló máa ń bú ara wọn bẹ́ẹ̀. Kí ló dé? Jókòó, Ràmátù."

Olófòófó. Olófòófó lásán ni Sírínì ń pè é. Ohun tí Náwálì sì dìde sọ lójú gbogbo kíláàsì ni pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ." Ìyá kan náà ló bí fàtáánà àti fìtínà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti pààrọ̀ aṣọ kó tó dé ilẹ̀ Yorùbá. Èmi tí mo fi ọdún tó lé ní ogójì ṣiṣẹ́ yìí ni mo sọ ẹni tí wọ́n ń fìyà jẹ di ẹni tó ń fìyà jẹni. Mo jókòó láàárín ìkòkò Madam Hánà, ojú sì tì mí.

Láti ibẹ̀ ni mo ti lọ sí ilé aránṣọ náà ní Albarika. Fàsílá wà nídìí máṣínì ìyá rẹ̀, ó ń fa òwú. Ọmọ tín-ín-rín kan ni, ojú rẹ̀ tóbi. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o." Ọmọ náà gbọ́ ohùn mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí, ó dìde, ó wọ yàrá lọ.

Láti ìgbà tí mo ti ń sọ̀rọ̀ láyé, wọ́n ti yìn mí nítorí ohùn mi, wọ́n ti rẹ́rìn-ín sí i, wọ́n ti sunkún sí i. Ẹnikẹ́ni kò tíì sá fún un rí. Mo dúró sẹ́yìn kọ́tìnì, mo sọ gbogbo rẹ̀, mo ní àṣìṣe tèmi ni, mo ní kó dárí jì mí. Ó jáde.

"Ìyá, ẹ gba ohùn kan sílẹ̀ fún mi," ó ní.

"Ohùn kí ni?"

"Àdìjá ni olórí wọn. Ó ṣì ń tọ̀ sórí ẹní. Mo mọ̀, a jọ sùn nílé kan náà nígbà ọdún Iléyá. Ẹ fi ohùn yín sọ ọ́, bíi ti fíìmù. Kó tó di ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo Parakú á ti gbọ́."

Ẹ má rò pé mo kọ̀ kíákíá. Mo ti ń to ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu. Mo mọ ibi tí màá ti dánu dúró kí ẹ̀rín tó bẹ́. Mo kórìíra Àdìjá tí n kò rí rí. Ìgbà náà ni mo rántí àga Sírínì tó ṣófo yẹn.

"Ṣé o rí apá kejìlá?" mo bi í.

"Mo rí i. Ó tọ́ sí i."

"N kò ní ṣe é, Fàsílá."

Omi dé ojú rẹ̀. "Ẹ lè fi ohùn yín bà mí jẹ́, àmọ́ ẹ ò lè fi bá mi jà."

Ìyá rẹ̀ ń wo ilẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo rí sọ ni pé mo fẹ́ tún eré náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, pé kí wọ́n wá sí ọ̀dọ̀ Gàníyù lọ́la kí wọ́n wò mí. Nígbà tí mo kúrò níbẹ̀, mo yà sí kọlẹ́ẹ̀jì, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà fún súfẹ́yáǹ. Ó ní òun ti gbọ́, ó tẹjú mọ́ ìwé iwájú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Fàsílá àti ìyá rẹ̀ wá. Gàníyù ń ráhùn pé eré ti tàn kálẹ̀, ta ló tún máa gba tuntun. Mo ní kó dákẹ́. A bẹ̀rẹ̀ láti apá kẹfà. Mo fi kásìkì bo etí, Náwálì dìde, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ." Mo wo ẹ̀yìn gíláàsì. Fàsílá ń mi orí.

"Wọn ò ní gbà á gbọ́," ó ní. "Ohùn kan náà ni."

Òótọ́ ló sọ. Ẹnu tó sọ tàná ló ń sọ tòní, ta ló máa gbà á gbọ́? Mo yọ kásìkì náà, mo jáde, mo fi bò ó létí. Ìyá rẹ̀ dìde, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún jókòó. Fàsílá wọ inú yàrá náà. Lẹ́ẹ̀kínní, ohùn rẹ̀ kò jáde. Lẹ́ẹ̀kejì, ó bẹ̀rẹ̀ kí Náwálì tó la ẹnu. Lẹ́ẹ̀kẹta, Sírínì pariwo, Náwálì gbé orí sókè, ọmọ náà sì sọ ọ́ síta gbangba pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ."

Náwálì ti pa ẹnu dé, ṣùgbọ́n Fàsílá kò tíì tán. Ó ní, "Màá tún sọ."

Gàníyù yíjú sí mi. Kò sí ọ̀rọ̀ yẹn nínú Lárúbáwá. Mo ní kó fi í sílẹ̀.

Mo parí apá tó kù, mo sì fi iṣẹ́ ohùn sílẹ̀ pátápátá lọ́jọ́ tí mo parí wọn. Tuntun náà tàn ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí gbogbo ọmọ Albarika ló fẹ́ mọ ẹni tó ní ohùn kékeré tó bọ́ sáàárín ohùn Ìyá Fíìmù. Fàsílá padà sí ilé-ìwé lọ́jọ́ Ajé. Ìyá rẹ̀ ló ròyìn rẹ̀ fún mi: wọ́n dúró dè é lẹ́nu ilẹ̀kùn kíláàsì, wọ́n tún tẹ ohùn mi sí i nínú fóònù bí ìṣe wọn. Kò sáré, kò di etí. Ó dúró títí ohùn mi fi parí, ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mo sọ. Màá tún sọ." Ó bá kọjá láàárín wọn, ó lọ jókòó sórí àga rẹ̀.